Àmù Méjì

Fíríìjì ni mò ń tún ṣe ní Ṣáṣá,
ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń tẹ́tí sí ẹ̀rọ tó ń kùn.
Èmi Lásùnkànmí, mo máa ń mọ èyí tí yóò kú kó tó kú.

Ìyá àgbà kan mú ìgò kékeré méjì wá lọ́jọ́ Jímọ̀,
ó fi ìborí wé wọn bí ẹni wé ẹyin.
Ọmọ kan tẹ̀lé e, Fàlmátà,
ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ojú rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ.
Hausa díẹ̀ tó wà lẹ́nu mi, ti ọjà ni,
síbẹ̀ mo gbọ́ Yàgánà yé:
Bá mi fi sí òtútù.
Má jẹ́ kó dì. Má jẹ́ kó gbóná.

Ínsúlìnì ni.

Àtọ̀gbẹ tí mo mọ̀, àgbàlagbà ló ń bá jà,
onípọ́nmú, ẹni tí ìtura pọ̀ fún.
N kò mọ̀ pé ó ń wọlé tọ ọmọdé.
N kò mọ̀ pé nígbà tí ìbọn ń dún ní Gwoza,
tí wọ́n fẹsẹ̀ rin òru mẹ́ta,
omi ni ọmọ yìí ń bèèrè, omi, omi,
tí ìyá rẹ̀ rò pé ẹ̀rù ló gbẹ ẹ́ lọ́fun.
Ìyá rẹ̀ kò bá wọn dé Ṣáṣá.
Yàgánà kò sọ ibi tó dúró sí. N kò bi í.

Nọ́ọ̀sì Mojírádé kọ́ wa ní Oríta Mẹ́fà:
abẹ́rẹ́ kó tó jẹun,
bí ọwọ́ bá sì ń gbọ̀n, tí òógùn tútù bò ó,
ṣúgà onígun méjì, kíákíá.
Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń pa á náà ni yóò gbà á?
Ó wò mí. "Bàbá, ìwọ̀n ni."

Bẹ́ẹ̀ ni oògùn Fàlmátà ṣe bá ata lílọ̀ ìyàwó mi gbé.
Mo ń yangàn. Mo ń sọ fún oníbàárà
pé èmi ni mò ń dá ẹ̀mí ọmọ kan sí.

Tiransifọ́ọ̀mù bú gbàù nínú ọyẹ́.
Ọjọ́ kìíní, mo tan jẹnẹrétọ̀.
Ọjọ́ kẹta, owó epo tán.
Ọjọ́ kẹrin, mo ra yìnyín ní Mọ́kọ́lá,
omi ni mo gbé délé.
Mo lọ bá Yàgánà, mo dorí kodò:
Màmá, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kò wí nǹkan kan. Ó dìde.
Àmù ńlá, àmù kékeré nínú rẹ̀,
yanrìn láàárín àwọn méjèèjì,
ó ń bomi rin yanrìn náà bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́,
ó fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀, ó gbé e síbi tí ọyẹ́ ń gbà kọjá.
Báyìí la ṣe ń pa tòmátì mọ́ nílé, ó ní.
Lọ́jọ́ kejì ó di ọwọ́ mi mú, ó tì í bọ inú àmù.

Ó tutù.

Mo ń padà sílé, mo ń wo òrùlé tó ti dípẹtà,
mo rántí ohun tí bàbá bàbá mi máa ń sọ,
pé igbó lásán nìhín, ogun ló lé wa wọ̀ ọ́,
òro ni wọ́n ń jẹ sùn, ìkarahun ìgbín ni abọ́ wọn.
Ọmọ tó ń mumi, tó ń tọ̀, tó ń rù láàárín wọn ńkọ́?
Mélòó ni a sin sídìí igi òro,
tí a ní àbíkú ni?

Iná ti dé. Ìgò kan wà lọ́dọ̀ mi, ìkejì wà nínú àmù.
Fàlmátà ń kọ iye ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìṣirò,
ó ń fi Yorùbá kà á fún mi: "Bàbá, àádóje."
Ṣùgbọ́n òjò ń bọ̀,
àmù kì í tutù tó bẹ́ẹ̀ nígbà òjò, Yàgánà ti kìlọ̀.
Mò ń tu owó jọ, ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ ni mò ń wá.
Nínú àpò mi, láàárín ìṣó àti wáyà,
ṣúgà onígun méjì.